Àpáta Tí Wọ́n Ní A Kì Í Lò

Ilé Sàníù,
Abà Ọ̀dàn, lọ́nà Ìjàyè,
Akínyẹlé, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Igbe, ọdún 2025.

Àsmá'ù, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Àsàlámù àlékúùmù o. Mo kí ọ, mo kí ilé, mo sì kí orúnkún rẹ lọ́tọ̀, nítorí mo gbọ́ pé òun ni olórí ilé báyìí: bí ó bá ní kí o dìde, o dìde, bí ó bá ní kí o jókòó, o jókòó. Roheem ọmọ rẹ ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ tí o lọ bá wọn tọ́jú ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Ẹ kú ìtúnu ààwẹ̀, Ọlọ́run yóò jẹ́ ká ṣe púpọ̀ sí i láyé. Wọ́n ní ooru Ìlọrin kò ṣeé fẹnu sọ lásìkò yìí. Pẹ̀lẹ́ o. N kò rán ọ lọ.

Àwa níbí wà ní àlàáfíà. Sàníù ọmọ mi ní kí n kí ọ. Àkùkọ rẹ tí o fi síkàáwọ́ mi kò ṣàìsàn rí títí di àárọ̀ ọjọ́ Ìtúnu tí a pa á. O kú oríire, o ti ṣe sàráà láìmọ̀.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí. Má ṣe rò pé ẹnì kan ló bá mi kọ ọ́. Fọlájìmí, tíṣà wa ní kíláàsì àgbà, ní mo ti kúrò nínú àwọn tí wọ́n ń dì lọ́wọ́ mú kọ ábídí, ó sì ní kí n wá ẹni tí n ó kọ̀wé sí. Mo ní ẹni kan ṣoṣo wà tí kò lè fi mí rẹ́rìn-ín, nítorí òun náà kò mọ̀wé. Jẹ́ kí Roheem kà á fún ọ, kí ó kà á ketekete, kí ó má fo ibi kankan. Ibi tí ìlà bá ti wọ́, tábìlì wọn ni kò dúró dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ńlá ló wà nílẹ̀, Àsmá'ù. Wọ́n fẹ́ fọ́ àpáta wa. Àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn odò, tí ìyá rẹ àti ìyá mi ti ń sá láfún sí kí wọ́n tó lóyún wa, Mọ́gàjí ti tà á fún àwọn afọ́kùúta kan láti ìgboro. Wọ́n ní wọn yóò fi àdó olóró fọ́ ọ, wọn yóò lọ̀ ọ́, wọn yóò sì fi ṣe títì fún àwọn ẹlòmíràn. Ìwọ náà mọ̀ pé bí a bá sá láfún sórí ilẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ni ẹni tó rà á ń jẹ. Bí a bá sì sá a sétí títì, èéfín mọ́tò yóò kó sí i, ewúrẹ́ yóò sì bá wa tọ́ ọ wò. Orí àpáta yẹn ni láfún tiwa fi ń funfun débi tí àwọn oníbàárà láti Mọ́níyà fi ń béèrè rẹ̀ ní orúkọ abà wa. Bí wọ́n bá fọ́ ọ, kí ni àwọn obìnrin abà yìí ó máa ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́? Ṣé a ó máa wojú ara wa ni?

Zubaidah, ọmọ Sàníù, ló kọ́kọ́ gbọ́ sí i ní Ìbàdàn. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, kò ṣe iṣẹ́ báńkì, kò ṣe ti ìjọba. Ó ní iṣẹ́ òun ni kí ayé dára. Mo bi í nígbà kan pé ọ̀gá wo ló gbà á síṣẹ́ náà, ó rẹ́rìn-ín. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jà nítorí igbó, nítorí odò, nítorí afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú. Lọ́dún tó kọjá wọ́n gbé e wọ bàálù lọ sí Nàìróbì, níbi tí àwọn èèyàn láti gbogbo ayé ti jókòó sọ̀rọ̀ lórí bí oòrùn ṣe ń mú jù. Mo ní kí ó bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fi oòrùn sílẹ̀ díẹ̀ kí láfún mi tó gbẹ. N kò ní purọ́ fún ọ, orí mi wú lọ́jọ́ tí mo rí fọ́tò rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, ó wé gèlè mi tí mo ń wá láti oṣù tó ṣáájú.

Báyìí ni Zubaidah ṣe wọ abà wa wá pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti pátákó lóríṣiríṣi. Ó kó gbogbo obìnrin jọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì bi wá pé ta ni olórí wa. Oníkálùkù na ìka sí ẹlòmíràn. Ó ṣàlàyé pé a máa wọ́de lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Mọ́níyà, ó mú ọjọ́ fún wa, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Àṣé ọjọ́ tí ọmọ náà mú, ọjọ́ ọjà wa gan-an ni. Ó ti lo kàlẹ́ńdà ìgboro pẹ́ débi pé ó gbàgbé pé ọjà tiwa kì í wo ojú Mọ́ńdè tàbí Túsìdè kó tó bọ́ síta. Àwa tó yẹ kí á rán an létí, àtẹ́wọ́ la ń pa.

Nígbà tí ọjọ́ pé, èmi àti Ìyá Dìpẹ̀ nìkan ni a dúró sójú ọ̀nà. Ìyá Dìpẹ̀ náà kì bá tí wá, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún tí kò fi lè lọ sọ́jà. Zubaidah na pátákó kan sí mi. Mo ní kí ni wọ́n kọ sí i. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo ní n kì í ru ẹrù tí n kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó yí ẹ̀yìn pátákó padà, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà pé, Ẹ FI ÀPÁTA WA SÍLẸ̀. Mo kà á fún Ìyá Dìpẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó lè mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tó ń ya fọ́tò ní kí a sún mọ́ra kí á lè pọ̀. A sún mọ́ra títí, a kò pọ̀. Ojú Zubaidah ti fẹ́ máa pọ́n, mo rí i pé ẹkún ni.

Ìyá Dìpẹ̀ ló wá bínú sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ń ya fọ́tò, ẹ̀gẹ́ mi ń bẹ nínú omi, ó ti fẹ́ rà. Èmi ń lọ sá a. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́ àpáta, kó wá fọ́ ọ pẹ̀lú láfún mi lórí."

Ó ti lọ tán kí èmi àti Zubaidah tó wo ojú ara wa.

Ìwọ náà mọ ìlànà wa. Oníkálùkù ló ní àyè tirẹ̀ lórí àpáta, èyí tí ó bá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀, a sì máa ń fi ọ̀nà sílẹ̀ láàárín kí ẹsẹ̀ lè rí ibi gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí àwọn yòókù ti ọjà dé tí wọ́n bá wa níbẹ̀, a kò fi ọ̀nà sílẹ̀. A sá láfún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni ń fi àtíkè ra ojú ọmọ tuntun, láti etí odò títí dé ibi tí igi ìrókò wà. Bí ti àwọn kan bá ti ń gbẹ, ti àwọn mìíràn ti ń bọ̀ ní tútù lórí. Kò sí ariwo, kò sí gbohùngbohùn. Zubaidah ní orúkọ wà fún ohun tí a ń ṣe yìí lókè òkun, pé àwọn ènìyàn ti fi gba òmìnira rí. Mo ní orúkọ wà fún un níbí náà: láfún sísá.

Kò pẹ́ tí àwọn afọ́kùúta dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò sínú àpáta. Ọ̀gá wọn ń jẹ́ Sanmí, ọmọkùnrin tó mọ́ tónítóní, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wa, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí ṣòkòtò rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kó oúnjẹ yín sẹ́yìn díẹ̀. Ibi tí a fẹ́ lù kò fẹ̀."

"Ó tutù ni, ọkọ mi. Bí ó bá gbẹ, a ó kó o."

"Ìgbà wo ni yóò gbẹ, Ìyá?"

"Bi oòrùn."

Ó lọ, ó tún padà wá. Ó ní, "Ìyá, èyí kò tíì gbẹ?" Mo ní èyí tí ó rí lọ́jọ́ náà ti gbẹ, ó ti di òkèlè nínú ẹlòmíràn. Òmíràn nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ bí ẹni fẹ́ kọjá, ẹnì kejì rẹ̀ fà á lẹ́wù sẹ́yìn, ó bi í bóyá orí oúnjẹ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ rìn nílé wọn. Wọ́n padà sínú mọ́tò, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò wá. A ń wò wọ́n. Ìyá Dìpẹ̀ fún wọn ní omi mu.

Mọ́gàjí gbọ́, ó sì fi ìbínú wá. Ó ní ilẹ̀ bàbá òun ni, òun sì ti tà á. Mo kí i dáadáa gẹ́gẹ́ bí àgbà, mo ní, "Ẹ kú ìrìn o, Mọ́gàjí. Ilẹ̀ lẹ tà, a kò bá yín du ilẹ̀. Oòrùn tó wà lórí rẹ̀ ńkọ́, ta ló tà á fún yín kí ẹ tó tà á?" Ó fẹ́ sún mọ́ mi láti fèsì. Ìyàwó rẹ̀ kékeré, tó ń yí láfún tirẹ̀ padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ rọra o, baálé mi. Oúnjẹ alẹ́ yín lẹ fẹ́ẹ̀ tẹ̀ yẹn." Àsmá'ù, mo rẹ́rìn-ín títí eyín mi tó kù fi ń mì.

Ṣùgbọ́n má rò pé ó rọrùn. Ara ń ro wá. Ẹ̀gẹ́ inú oko ń tán lọ, a sì ti ń wú èyí tí kò tíì gbó. Zubaidah ti kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ó ń pè wọ́n lórí fóònù lójoojúmọ́, wọ́n ń sọ fún un pé kí ó ní sùúrù. Mo máa ń rí i tó bá sọ fóònù kalẹ̀, yóò fọwọ́ lẹ́rán díẹ̀, yóò sì tún gbé e. Iṣẹ́ ni ohun tí ọmọ yẹn ń ṣe o. Mo ti fi í ṣẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀, n kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Níjọ́ kan, òjò ṣú lọ́sàn-án gangan láti apá Ìjàyè. Àwọn obìnrin ti lọ sóko lọ wú ẹ̀gẹ́, èmi, Ìyá Dìpẹ̀ àti Zubaidah la wà nídìí láfún, àwọn afọ́kùúta sì wà nínú mọ́tò wọn. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Mo kígbe pé òjò dé. O mọ bó ṣe rí níbi wa: bí òjò bá ń bọ̀, ẹni tó bá wà nítòsí láfún gbọ́dọ̀ bá olówó rẹ̀ kó o, ì báà jẹ́ pé wọ́n kì í kíra. Kí n tó pa ẹnu dé, àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ti bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá Sanmí bọ́ bàtà tó ń dán, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá láfún jọ bí ẹni tí wọ́n bí sídìí rẹ̀. Ó fi aṣọ ọrùn rẹ̀ di ẹnu àpò. Ó gbé àpò rù, ó ń sáré lọ sábẹ́ ahéré Ìyá Dìpẹ̀, gbogbo orí rẹ̀ funfun. Zubaidah yọ fóònù, ó ya gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá ó fi í síta fún aráyé, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo ẹni tó ń gba láfún là." Kò purọ́. N kò kọ́ ọ ní irọ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Ọ̀gá Sanmí kò mọ ti ta ni ó yẹ kó wọ inú àpò wo. Ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí àwọn yòókù ti oko dé, tí òjò ti lù wọ́n, tí wọ́n rí i pé láfún funfun báláú ti bá ti Ìyá Dìpẹ̀ dàpọ̀ nínú àpò kan náà, ìjà dé. O mọ láfún Ìyá Dìpẹ̀. Bí ó ṣe ń dúdú yẹn, ó ní irú ẹ̀gẹ́ tòun ni. Ìyàwó Mọ́gàjí ní òun kò lè kó èyí lọ sọ́jà. Ìyá Dìpẹ̀ ní kí ni ó ń ṣe ọ̀hún. Ohun tí Mọ́gàjí àti ẹ̀rọ kò lè ṣe, òun ni láfún àdàpọ̀ fẹ́ẹ̀ ṣe fún wa yẹn. Ọ̀gá Sanmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò rántí ṣòkòtò mọ́. Mo ní kí ó dìde, kí ó jókòó, kó bá wa ṣà á. Gbogbo wa jókòó yí àpò ká, à ń ṣa láfún lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, òjò ń rọ̀.

Bí a ti ń ṣà á ni mo bi í níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ láfún. Ó ní láfún ni ìyá òun fi rán òun nílé ìwé, lábúlé kan ní Lágelú. Mo ní, "Kí ló wá dé tí o fẹ́ fọ́ tiwa?" Ó ṣa ẹyọ mélòó kan kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá, wọ́n sọ fún wa pé àpáta lásán ni. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń lò ó. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe sọ ọ́ fún ìjọba." Gbogbo obìnrin kọjú sí ìyàwó Mọ́gàjí. Ó ní kí a má wo òun, òun kọ́ ni òun sọ ọ́.

Zubaidah ti dìde dúró. Ó ní ohun tí òun ń wá láti ọjọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ó sáré bọ́ sínú òjò lọ wá ibi tí fóònù ti ń dáhùn. Nígbà tó padà dé, ó ti tutù wìnnìwìnnì, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí ẹni tó ń lo àpáta. Ọ̀gá Sanmí ló wá kìlọ̀ fún wa. Ó ní bí wọ́n bá kàn rí láfún, àwọn tó gba òun síṣẹ́ yóò ní torí ìjà ni a ṣe kó o síbẹ̀. Kí oníkálùkù dúró sórí àyè tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sọ ọwọ́ ẹni tó ti gbà á. Ibi tó bá ṣófo, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò lólówó. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kí ọmọkùnrin náà dúró lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn èyí. Mo ti ń ṣàdúrà fún un.

Ṣé o ti mọ ibi tí mò ń lọ, Àsmá'ù? Àyè tìrẹ ló wà láàárín gbùngbùn àpáta. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ wọn fẹ́ lù. Láti ìgbà tí o ti lọ sí Ìlọrin, kò sí ẹni tó sá nǹkan sí i, àfi nígbà tí a sá láfún kún gbogbo àpáta yìí. Bí àárín bá ṣófo lọ́jọ́ náà, ìjọba yóò fún àwọn afọ́kùúta ní àárín, kí ni a ó sì fi etí àpáta ṣe, nígbà tí àdó bá ń dún láàárín? Ìyá Dìpẹ̀ ní òun lè la ẹsẹ̀ kí òun dúró sí tòun àti tìrẹ pọ̀. Mo ní kí ó jọ̀ọ́. Mọ́gàjí sì ń sọ kiri pé o kò ní í wá, pé o ti di ará Ìlọrin, pé orúnkún rẹ kò lè gun òkè. Ó sọ ọ́ níwájú Baálẹ̀. Èmi náà dìde níwájú Baálẹ̀, mo ní mo ti bá ọ sọ̀rọ̀, o sì ti ń di ẹrù. Nítorí náà, bá mi di ẹrù, kí n má ṣe di onírọ́ lọ́jọ́ ogbó mi.

Má gun ọ̀kadà. Bí o bá ti wọ mọ́tò ní Ìlọrin, sọ fún awakọ̀ pé Mọ́níyà ni o ń bọ́ sí, Sàníù yóò ti dúró dè ọ́ níbẹ̀. A ó gbé àga sórí àpáta fún ọ. Wọ́n ní kí á wà níbẹ̀ ni, wọn kò ní a kò gbọ́dọ̀ jókòó. Zubaidah ní wọ́n tún ti pe òun sí ìpàdé kan lókè òkun, ó fẹ́ kí n fún òun ní òwe tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nípa wa. Mo ní kò sí òwe, kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kí ó lè sọ fún wọn pé o wá.

Bá mi kí Roheem, kí o sì sọ fún un pé bí ó bá ní kí o má wá, èmi ni mo mọ ohun tó ṣe lẹ́yìn ilé ìwé nígbà tó wà ní kékeré, mo sì ti mọ̀wé kọ báyìí. Kí ìyàwó rẹ̀, kí àwọn ọmọ. Ìyá Dìpẹ̀ ní kí n kí ọ, ó ní kí o má sọ pé láfún òun dúdú.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, n ó bá ọ rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi. Ní Ọjọ́bọ̀, yóò ti rọ̀ dáadáa fún sísá. N kò ní í bá ọ sá a.

Èmi tí mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ lórúkọ rẹ láìbi ọ́,
Mùjíbátù, Ìyá Sàníù.